Ìgbà Tí ‘Ẹ’ Bá Di ‘O’

Bí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tó kọ fanfic ní èdè Yorùbá mọ ohun tó ń ṣe, n kì í wá ibi tí àwọn olólùfẹ́ méjèèjì ti fẹnu ko ara wọn lẹ́nu. Ibi tí ọ̀kan nínú wọn ti kọ́kọ́ pe èkejì ní ‘o’, lẹ́yìn tó ti ń pè é ní ‘ẹ’ láti orí kìíní, ni mo máa ń wá. Bí irú ibẹ̀ kò bá sí, tàbí tó wà ṣùgbọ́n tí òǹkọ̀wé kọjá lórí rẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, a jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ló fi ro ìtàn náà kó tó fi Yorùbá kọ ọ́. Àwọn tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé ní ‘you’ kan ṣoṣo fún ọba, fún ọmọ ọwọ́ àti fún olólùfẹ́. Tiwa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a kò bá lò ó, àwọn ẹ̀dá-ìtàn wa kò ní rí ohun tí wọn yóò fi sún mọ́ra.

Àlàyé díẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú. Fanfic ni ìtàn tuntun tí olùfẹ́ eré tàbí ìwé kan kọ nípa àwọn ẹ̀dá tí ẹlòmíràn ti dá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú eré tàbí ìwé gangan ni wọ́n ń pè ní canon. Ìtàn ìpilẹ̀ ni màá máa pè é níbí. Kí èèyàn ‘ship’ ẹ̀dá méjì ni pé kó máa wù ú kí wọ́n di ti ara wọn. Inú ‘relationship’ ni wọ́n ti gé ọ̀rọ̀ náà, àwọn olólùfẹ́ eré The X-Files ló sì tàn án kálẹ̀ láàárín ọdún 1990 sí 1999. Ìlà dídagun tó máa ń wà láàárín orúkọ méjì ti pẹ́ jù ú lọ: àwọn olólùfẹ́ eré Star Trek ló ń kọ Kirk/Spock ní àwọn ọdún 1970, wọ́n sì ti ń tẹ ìwé ìròyìn tiwọn láti 1967.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ̀ẹ́ ká ṣe bí ẹni pé òkè òkun ni nǹkan yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ta ló ni Ìjàpá? Kò sí ìyá àgbà kan ní Bẹẹrẹ tàbí Ọjà’ba n’Ìbàdàn tí kò lè gbé e sínú wàhálà tuntun lálẹ́ òní. Síbẹ̀, bí ìyá náà bá sọ pé Ìjàpá rí oúnjẹ ọ̀fẹ́ tó sì kọ̀ ọ́, àwọn ọmọdé tó yí i ká ni yóò kọ́kọ́ pariwo pé irọ́ ni. Wọ́n mọ ohun tó ṣeé yí àti ohun tí kò ṣeé yí. Ìwà Ìjàpá ni ìtàn ìpilẹ̀. Ìṣẹ̀lẹ̀ ni ti ẹni tó ń pàlọ́.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí ẹ wo eré náà lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kìíní, ẹ gbádùn rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ mú bírò àti ìwé, kí ẹ fa òpó mẹ́ta fún ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan tí ẹ fẹ́ lò: ohun tó ń sọ nípa ara rẹ̀, ohun tó ń ṣe nígbà tó rò pé ẹnikẹ́ni kò rí òun, àti ohun tí àwọn yòókù ń sọ lẹ́yìn rẹ̀. Ogún ìlà fún ẹ̀dá kan ti tó. Òpó kejì ló ṣe pàtàkì jù, òun náà ló sì máa ń ṣófo jù nínú ìwé àwọn tó ń kánjú. Ọkùnrin kan lè máa tẹnu mọ́ ọn pé òun kò bìkítà, kó wá rọra sún ife omi ẹnì kejì kúrò létí tábìlì kó má baà jábọ́. Ìṣẹ́jú àáyá méjì ni, ṣùgbọ́n odindi ìtàn orí mẹ́wàá lè jókòó lé e. Nígbà tí àwọn òǹkàwé bá ń ráhùn pé ẹ̀dá kan kò jọ ara rẹ̀ mọ́, ọ̀pọ̀ ìgbà, ohun tí ẹ̀dá náà ń sọ nípa ara rẹ̀ nìkan ni òǹkọ̀wé gbà gbọ́.

Lẹ́yìn èyí ni ohun tí mò ń pè ní ìwé ìpè. Fún ẹni tó ń fi Yorùbá kọ̀wé, n kò tíì rí irinṣẹ́ tó wúlò tó o. Ẹ mú ẹ̀dá méjì, kí ẹ kọ bí ẹni àkọ́kọ́ ṣe ń pe ẹnì kejì àti bí ẹnì kejì náà ṣe ń pè é, ní ipò márùn-ún: nígbà tí àwọn méjèèjì nìkan wà, níwájú àgbà, níwájú ọ̀rẹ́, lórí fóònù, àti nígbà tí inú ń bí wọn. Ìpè mẹ́wàá nìyẹn. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ tó pè é, ẹ kọ bóyá ‘o’ ni tàbí ‘ẹ’, kí ẹ sì kọ bó ṣe ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ẹlòmíràn, bóyá ‘ó’ ni tàbí ‘wọ́n’. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni wọ́n máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ òun ló ń tú àṣírí. Obìnrin tó ti ń sọ pé ‘wọ́n ti jáde’ nípa ọ̀gá rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti dé ibi iṣẹ́, tó wá ṣèèṣì sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ‘ó ti jáde’, ọ̀rẹ́ yẹn yóò gbójú sókè wò ó. Ẹ kò nílò àlàyé kankan mọ́.

Orúkọ pàápàá ní àtẹ̀gùn. Oyè àti iṣẹ́ ló wà lókè: Ọ̀gá, Dókítà, Alàájì. Bọ̀dá àti Àǹtí tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà orúkọ ọmọ, Bàbá Táyọ̀, Ìyá Ìbejì. Lẹ́yìn náà orúkọ gan-an. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni oríkì wà: Àjọkẹ́, Àṣàkẹ́, Àkànní. Oríkì kì í ṣe iyọ̀ tí a ń bù sí gbogbo ọbẹ̀. Ìyá ló ń fi rẹ ọmọ lẹ́kún, ọkọ ló ń fi bẹ aya tó bínú. Nínú ìtàn orí mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀kan péré ni màá lò ó láàárín olólùfẹ́, kò sì ní ṣáájú orí keje. Bí ọ̀kan nínú wọn bá sì jẹ́ ìyàwó ilé, ẹ rántí pé kì í pe àwọn ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ, àní bí ọmọ náà bá ṣì ń lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi. Akọ̀wé, Ìbàdíàrán, Adúmáadán, Opéléńgẹ́ ni yóò máa pè wọ́n. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ìyàwó Bódìjà ti ń pe àbúrò ọkọ lórúkọ báyìí. Ẹ lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ ṣáà mọ̀ pé òǹkàwé yóò ka ìtumọ̀ sí i, kí ẹ sì jẹ́ kí ìyá ọkọ náà gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká fi Ìjàpá àti Yánníbo, ìyàwó rẹ̀, ṣe é wò, nítorí gbogbo wa la mọ̀ wọ́n. Àlọ́ kan sọ pé Yánníbo kò rí ọmọ bí. Ìjàpá tọ babaláwo lọ, babaláwo se àsèjẹ fún un pé kó gbé e fún ìyàwó rẹ̀, kó má ṣe tọ́ ọ wò. Ó tọ́ ọ wò lójú ọ̀nà, ó jẹ ẹ́ tán, ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Àlọ́ náà bá Ìjàpá lọ, ó bá a bọ̀. Ta ló dúró ti Yánníbo nílé? Kò sẹ́ni. Inú irú àlàfo bẹ́ẹ̀ ni fanfic ń gbé. Bí ẹ bá ń wá ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má lọ síbi tí ìtàn ìpilẹ̀ ti sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ wá ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀ nílé.

Wàyí o, ẹ ṣí ìwé ìpè. Kí ni Yánníbo ń pe ọkọ rẹ̀? ‘Ẹ’ ni, ìyẹn kò le. Orúkọ ló le. Ìyàwó ilé yóò máa fi orúkọ àkọ́bí pe ọkọ rẹ̀, Bàbá Lágbájá. Yánníbo kò ní orúkọ yẹn lẹ́nu. Gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ pe ọkọ rẹ̀ wá jẹun, ó ní láti wá nǹkan mìíràn pè é: baálé mi, ọkọ mi, olówó orí mi. Àwọn àgbà àdúgbò pàápàá kò rí ọmọ tí wọn yóò fi pe òun náà. ‘Ìyàwó’ ni wọ́n ṣì ń pè é lọ́dún kẹẹ̀ẹ́dógún, nígbà tí àwọn tí wọ́n jọ wọlé ọkọ lọ́dún kan náà ti di Ìyá Àjàní, Ìyá Àbẹ̀kẹ́. Ẹ wo ọ̀nà méjì tí a lè gbà kọ ọ́. Ọ̀nà kìíní:

“Yánníbo jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Inú rẹ̀ bàjẹ́ gidigidi nítorí pé kò rí ọmọ bí. Ó ń fi ìrètí dúró de Ìjàpá.”

Ọ̀nà kejì:

“‘Ìyàwó, ọkọ rẹ kò tíì dé?’ Ìyá Àdìó ló ń kọjá, ó ru omi. Yánníbo ní wọ́n ti ń bọ̀. Ó wọlé, ó tún ìkòkò tó ti fọ̀ láàárọ̀ fọ̀, ó da ojú rẹ̀ délẹ̀ kó lè gbẹ.”

Ọ̀rọ̀ náà ‘ọmọ’ kò sí nínú èkejì rárá. ‘Ìyàwó’ láti ẹnu ẹni tó ń jẹ́ Ìyá Àdìó ti ṣe iṣẹ́ yẹn, ìkòkò tó ń dúró de àsèjẹ sì bá a ṣe ìyókù. Bí ẹ bá rí i pé ẹ ti kọ ‘inú rẹ̀ bàjẹ́’ tàbí ‘ó nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an’, ẹ padà sínú ìwé ìpè. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìgbà gbogbo ni ìpè kan máa ń wà níbẹ̀ tó lè sọ ọ́ fún yín.

Ní ti ìfẹ́ tó ń falẹ̀, èyí tí àwọn òǹkàwé ń pè ní slow burn, mo máa ń pín ‘ẹ’ àti ‘o’ bí ẹni tó ń pín owó oṣù. Ká ní orí mẹ́wàá ni, tí obìnrin sì ń bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin. Orí kìíní dé ìkẹta, ‘ẹ’ àti oyè, kò sí àyípadà. Ní orí kẹrin, ewu kan yọ, ọkọ̀ ń bọ̀ láti ẹ̀yìn, ‘Yẹra!’ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ dípò ‘Ẹ yẹra!’ Kò sí àyè fún ọ̀wọ̀. Ọkọ̀ kọjá tán, ó ní ‘Ẹ má bínú, sà’, àwọn méjèèjì sì mọ̀ pé kì í ṣe ọkọ̀ ló ń tọrọ àforíjì fún. Orí karùn-ún àti ìkẹfà, ‘wọ́n’ bẹ̀rẹ̀ sí í di ‘ó’ nígbà tí ọkùnrin náà kò sí níbẹ̀. Orí keje, ọkùnrin náà ní kó yé pe òun ní ẹ̀yin mọ́. Ó gbìyànjú, kò lè ṣe é, ó dákẹ́ láàárín gbólóhùn. Ìdákẹ́ yẹn dùn ún kà ju kó ṣe é lọ. Orí kẹjọ, ‘o’ ti dé. Ní orí kẹsàn-án, ìjà. Ìjà náà ni kó fi dá ‘ẹ’ padà: ‘Ẹ ṣeun. Mo ti gbọ́.’ Kò sí èébú tó dun olólùfẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni pé òǹkọ̀wé kánjú, ‘o’ dé ní orí kejì, kò wá sí ohun tó kù láti fún òǹkàwé ju ìfọwọ́kàn lọ. Òmíràn ni kí ‘o’ àti ‘ẹ’ máa lọ́ mọ́ra nínú ọ̀rọ̀ kan náà láìnídìí. Oògùn rẹ̀ kò le: nígbà tí ẹ bá kọ orí kan tán, ẹ fi ibi ìwákiri lórí fóònù wá ‘yín’, kí ẹ yẹ gbogbo ibi tó ti jáde wò, lẹ́yìn náà ‘ẹ̀yin’, lẹ́yìn náà ‘rẹ’ àti ‘ìwọ’. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni.

N kò sọ pé ‘ẹ’ jẹ́ òtútù ní gbogbo ìgbà. Ọ̀pọ̀ obìnrin Ìbàdàn ló ń pe ọkọ ní ‘ẹ’ títí wọ́n fi dàgbà di arúgbó, ìfẹ́ ló sì wà nínú rẹ̀. Fún irú wọn, ‘ẹ’ kò ní yí padà. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò máa yí, láti ‘ẹ’ pẹ̀lú oyè sí ‘ẹ’ pẹ̀lú ìnagijẹ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kan náà yóò máa pe ara wọn ní ‘o’ láti ọjọ́ kìíní. Tiwọn, ẹ fi orúkọ ṣe é. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìnagijẹ, orúkọ gidi á wá lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá di gidi.

Àwọn tó ń kọ nípa eré Kòríà àti eré Íńdíà ló yẹ kó yọ̀ jù. Kòríà ní jondaenmal, èdè ọ̀wọ̀ fún àgbà àti àjèjì, ó ní banmal, èdè ẹlẹgbẹ́ àti ọ̀rẹ́. Ìgbà tí ẹni méjì bá bọ́ sí banmal, àwọn tó gbọ́ èdè náà mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹ̀. Híńdì ní mẹ́ta: aap, tum, tu. Nínú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń sáré kọjá nísàlẹ̀ fíìmù, tàbí ohùn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi bo ti Íńdíà lórí Zee World, ‘you’ ni gbogbo rẹ̀ dà. Ẹni tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ fanfic eré wọ̀nyí ń sáré kiri wá ohun tó sọnù. Àwa lè dá a padà láì tiraka. Fún ti Kòríà, ẹ tẹ́tí sí ìparí gbólóhùn. Bí ‘yo’ tàbí ‘nida’ bá wà níbẹ̀, ‘ẹ’ ni. Lọ́jọ́ tí méjèèjì bá pòórá, ‘o’ ti wọlé. Fún Híńdì, aap ni ‘ẹ’. Tum ni ‘o’ pẹ̀lú orúkọ. Tu ni ‘o’ ti ìsúnmọ́ra gan-an tàbí ti ìbínú, ẹ wo ojú ẹni tó ń sọ ọ́. N kì í sọ ‘oppa’, tí obìnrin Kòríà fi ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tàbí olólùfẹ́ rẹ̀, di Ẹ̀gbọ́n, nítorí òǹkàwé Yorùbá yóò rò pé mọ̀lẹ́bí ni wọ́n. Oppa ni mo máa ń fi sílẹ̀, àwọn tó ń wo eré náà mọ̀ ọ́n.

Àwọn mìíràn fẹ́ràn láti gbé ẹ̀dá òkèèrè wá sí Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ń pè ní AU, ìyẹn alternate universe. Ó dára, ṣùgbọ́n kí wọ́n yí orúkọ padà, kí wọ́n bu àmàlà àti gbẹ̀gìrì, kí wọ́n dárúkọ òkè Màpó, ìyẹn kò tíì gbé ẹnikẹ́ni wá. Ẹ bi ara yín léèrè ohun tí ìlú náà ń ṣe sí àjọṣe wọn. Nínú fanfic òyìnbó, yàrá òtẹ́ẹ̀lì tó ní bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo ni wọ́n fi máa ń fi agbára mú ẹni méjì sún mọ́ra. Tiwa ni iwájú Micra, takisí Ìbàdàn. Èèyàn méjì ni awakọ̀ yóò kó síbi ìjókòó ẹnì kan, itan lórí itan. Àwọn méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jà ní Ìwó Road yóò jọ jókòó bẹ́ẹ̀ títí dé Challenge, ẹni tó bá wà nítòsí jíà yóò máa sún ẹsẹ̀ mọ́ èkejì ní gbogbo ìgbà tí awakọ̀ bá pààrọ̀ rẹ̀, wọn kò sì lè sọ ọ̀rọ̀ àṣírí nítorí àwọn tó wà lẹ́yìn yóò dá sí i. Nítorí náà, ìpè ‘níwájú ẹlòmíràn’ ni wọn yóò fi sọ ọ̀rọ̀ ‘àwa méjì nìkan’. Irú ìrán bẹ́ẹ̀ ń kọ ara rẹ̀.

Òwe ńkọ́? Bí gbogbo ẹ̀dá inú ìtàn bá ń pòwe bákan náà, ẹnì kan ṣoṣo ló ń sọ̀rọ̀, òǹkọ̀wé ni. Mo máa ń fún ẹ̀dá àgbà ní òwe méjì lórí kan, ọ̀dọ́ kò gbọdọ̀ ju ẹyọ kan lọ nínú orí mẹ́ta. Bí ọ̀dọ́ náà bá pa á níwájú àgbà, ‘tótó ó ṣe bí òwe o’ gbọ́dọ̀ ṣáájú tàbí kó tẹ̀lé e, kí àgbà sì fún un ní ‘wàá rí òmíràn pa’. Ọ̀dọ́ tó bá pòwe lójú àgbà láì tọrọ gáfárà ti ṣe nǹkan ńlá nínú ìtàn yín. Bí ẹ kò bá fẹ́ kó jẹ́ aláfojúdi, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó ṣe é.

Nípa ẹ̀dá tuntun tí ẹ dá fúnra yín sínú ìtàn ẹlòmíràn: láti 1973, tí Paula Smith kọ ìtàn kékeré kan nípa ọmọbìnrin tí kò ní àbùkù tí gbogbo èrò inú ọkọ̀ Star Trek sì fẹ́ràn, ni wọ́n ti ń pe irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ ní Mary Sue. Ẹ fún un ní ohun kan tí ìtàn nílò tí kò lè ṣe, àti ẹnì kan tó ní ìdí gidi láti má fẹ́ràn rẹ̀. Ó ti tó.

Àmì ohùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ nínú irú iṣẹ́ yìí. ‘O lọ’ àti ‘ó lọ’ kì í ṣe ẹnì kan náà. ‘Ọkọ mi’ ló ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin. ‘Ọkọ́ mi’ wà lóko, ‘ọkọ̀ mi’ wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ‘ọ̀kọ̀ mi’ sì wà lọ́wọ́ jagunjagun. Ìrán tó yẹ kó mú omi lójú ti di ẹ̀rín nítorí àmì kan. Gboard, áàpù ìtẹ̀wé ti Google, ní pátákó ìtẹ̀wé Yorùbá, ẹ tan án nínú ètò rẹ̀. Ohun tó máa ń dàrú ni pé kò sí ‘ọ̀’ tàbí ‘ẹ́’ tó jẹ́ lẹ́tà kan lódindi nínú kọ̀ǹpútà. Lẹ́tà àti àmì rẹ̀ ni a tò pọ̀, àwọn áàpù kan sì máa ń ya wọ́n nípá tàbí sọ wọ́n di àpótí kékeré. Inú áàpù kan ni kí ẹ ti kọ ọ́ dé òpin, kí ẹ sì gbé ìpínrọ̀ kan síbi tí ẹ fẹ́ gbé e sí láti dán an wò kí ẹ tó gbé gbogbo rẹ̀ síta. Nínú àkọlé ìdánimọ̀ (tag), ẹ kọ orúkọ ẹ̀dá lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú àmì àti láìsí àmì, torí pé láìsí àmì ni ọ̀pọ̀ òǹkàwé fi ń wá a.

Orí fóònù ni wọn yóò ti kà á. Ọ̀rọ̀ 1,200 sí 1,500 ni mo fi ń ṣe orí kan. Ìpínrọ̀ kò ju ìlà márùn-ún tàbí mẹ́fà lójú fóònù. Ẹ ní orí mẹ́ta nípamọ́ kí ẹ tó gbé ìkìíní jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀sẹ̀ tí iná kò bá sí ni ìtàn náà yóò kú. Ẹ wá ẹni méjì ka iṣẹ́ náà ṣáájú: ẹni tó mọ eré náà, àti ẹni tó mọ Yorùbá, kódà bí kò bá tíì wo eré náà rí. Ẹ má bi wọ́n pé ‘Ṣé ó dùn?’ Ẹ ní kí wọ́n fi ìlà sábẹ́ ibi tí wọ́n ti ní láti padà kà lẹ́ẹ̀kejì, àti ibi tí ẹ̀dá kan ti pe èkejì lọ́nà tó ṣàjèjì sí wọn.

Ní ti ibi tí ẹ ó gbé e sí, Wattpad, tó ti wà láti 2006, rọrùn lórí fóònù. Archive of Our Own, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní AO3, ló ní ètò jù. Àjọ àwọn olólùfẹ́ fúnra wọn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2007 ló ni ín, wọ́n ṣí i fún ayé ní 2009, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ Hugo ní 2019. Níbẹ̀, ìlà dídagun láàárín orúkọ méjì túmọ̀ sí ìfẹ́ tàbí ìbálòpọ̀; àmì & túmọ̀ sí ọ̀rẹ́ tàbí ẹbí. Ẹ má ṣì wọ́n lò, nítorí ẹni tó wá ka ìtàn ìyá àti ọmọ kò ní dárí jì yín. Ìkìlọ̀ mẹ́rin ló ṣe kókó: ìwà ipá tó hàn kedere, ikú ẹ̀dá pàtàkì, ìfipábánilòpọ̀, àti ìbálòpọ̀ ọmọdé tí kò tójú bọ́. Bí ẹ kò bá fẹ́ tú àṣírí ìtàn, àyè wà láti sọ pé ẹ yàn láti má kìlọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé kò sí nǹkan kan nígbà tí ẹnì kan yóò kú ní orí kẹsàn-án.

Ìjà láàárín àwọn tó ń ship ẹ̀dá kan náà mọ́ ẹni ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ máa ń ba fandom, ìyẹn àwùjọ àwọn olólùfẹ́ eré, jẹ́ ju ìtàn tí kò dára lọ. Bí ship kan kò bá wù yín, ẹ kọjá. Ẹ má sì gbé fanfic lọ bá òṣèré tó ṣe ẹ̀dá náà. Ẹ̀dá ni ẹ ń kọ nípa rẹ̀. Òṣèré ní ọkọ, ó ní aya, ó ní ọmọ tó ń lọ iléèwé. Àwọn òṣèré Yorùbá kò jìnnà sí wa, a lè pàdé wọn lọ́jà, èyí gan-an ló fi yẹ ká ṣọ́ra jù.

Ẹni tó ti kú pẹ́ náà ní tirẹ̀. Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà gbé ayé ní Ìbàdàn yìí, Ààrẹ Látòósà yọ ọ́ lóyè, ó sì kú ní 1874. Eré tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ lágbára débi pé ìkà inú eré náà nìkan ni ọ̀pọ̀ mọ̀. Àwọn òpìtàn sọ̀rọ̀ oníṣòwò ńlá, àti ìyá tí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo kú sórí ìrọbí. Bí ẹ bá fẹ́ kọ nípa rẹ̀, ẹ sọ nínú àkọsílẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ èwo nínú àwọn méjèèjì ni ẹ mú. Ṣàngó, Ọya àti Ọ̀ṣun tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí àwọn tó ń bọ wọ́n wà láàárín wa. N kò sọ pé kí ẹ má kọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan tó mọ̀ nípa wọn kà á kó tó jáde.

Owó ni ìbéèrè tó máa ń tẹ̀lé e. Ẹ má tà á. AO3 kò fàyè gba ìpolówó tàbí kéèyàn máa tọrọ owó níbẹ̀. Òfin Copyright Act 2022 ti Nàìjíríà ń dáàbò bo iṣẹ́ ìwé títí di 70 ọdún lẹ́yìn ọdún tí òǹkọ̀wé kú. D. O. Fágúnwà kú ní 1963, nítorí náà Àkàrà-ògùn inú ìwé rẹ̀ kò ní di ti gbogbo ayé títí ọdún 2033 yóò fi parí. Kò sí ẹni tó ni Ìjàpá bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ní kí ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀wé tà bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Àyẹ̀wò kan ló kù kí orí kan tó jáde. Ẹ yọ gbogbo ‘Ìjàpá ní’ àti ‘Yánníbo sọ pé’ kúrò nínú ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀dá, kí ẹ ka èyí tó kù sókè. Bí ìpè nìkan kò bá lè sọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti bí ọkàn rẹ̀ ṣe rí, ẹ tún un kọ. Alẹ́ ọjọ́ tí Ìjàpá padà dé, báyìí ni mo ṣe fi í sílẹ̀:

‘Ṣílẹ̀kùn.’

‘Ẹ káàbọ̀, baálé mi. Ẹ kú ìrìn.’

‘Ṣé oúnjẹ wà nílé?’

‘Ó wà. Àsèjẹ náà ńkọ́? Níbo lẹ gbé e sí?’

‘Jẹ́ kí n kọ́kọ́ jókòó.’

‘Níbo lo gbé e sí?’